Bí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ oorun àgbàlagbà ṣe dé abẹ́ fóòmù

Ọkàn kì í lù kí ara má mì. Bó bá ti ta ẹ̀jẹ̀ sókè gba ọ̀nà orí, ara á sún díẹ̀ sí ọ̀nà ẹsẹ̀, bójú kò tilẹ̀ rí i. Ní 1877, J. W. Gordon kíyè sí i pé bí ènìyàn bá dúró jẹ́ẹ́ lórí òṣùwọ̀n onísípíríìngì, ọwọ́ òṣùwọ̀n náà á máa gbọ̀n bí ọkàn ṣe ń lù. Ó tún fi okùn so ibùsùn rọ̀ sára àjà kí mímì náà lè hàn dáadáa.

Ní 1939, Isaac Starr ti Yunifásítì Pennsylvania gbé tábìlì àsorọ̀ kan jáde tó ń ya mímì yìí sórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dùbúlẹ̀ lé e kò gbọdọ̀ mira, ẹni tó ń sùn kò sì lè ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Turku, ní ilẹ̀ Finland, ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní 1979, Jukka Alihanka àti K. Vaahtoranta kọ̀wé nípa ibùsùn kan tí kò ní wáyà kankan tó kan ara. Irin pẹlẹbẹ méjì ló wà lábẹ́ fóòmù, pákó ló sì la àárín wọn. Bí ẹni tó sùn bá ti mira, agbára iná tó wà lójú irin òkè (irú èyí tó ń mú aṣọ ọ̀rá lẹ̀ mọ́ni lára lásìkò ọyẹ́) á yí ipò padà, ẹ̀rọ á sì ka ìyàtọ̀ tó wà láàárín irin méjèèjì. Àgbàlagbà tó ń sinmi sábà máa ń mí ní ẹ̀ẹ̀mejìlá sí ogún ní ìṣẹ́jú kan, ọkàn rẹ̀ á lù ní ìgbà 60 sí 100, yíyí ara sì lágbára ju méjèèjì lọ fíìfíì. Nítorí pé ìyára wọn kò dọ́gba, a lè sẹ́ wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti inú àmì kan ṣoṣo. Lójú tiwa, ibí gan-an ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ilé ìwòsàn ń lò láti yẹ oorun wò ni wáyà lórí, lẹ́bàá ojú, ní àgbọ̀n àti láyà. Àgbàlagbà tó ń dìde lọ tọ̀ lóru kò rọrùn fún láti fara dà á, òru kan kò sì lè fi ohun tó ń yí padà díẹ̀díẹ̀ hàn.

Ní TigerPlace, ilé àwọn àgbàlagbà ní Columbia, ìpínlẹ̀ Missouri, tó ṣí ní 2004, Marilyn Rantz tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àti Marjorie Skubic tó jẹ́ ẹnjiníà gbé iṣẹ́ náà wọ inú yàrá. Ọ̀pá pẹlẹbẹ aláfẹ́fẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ́ ọ̀pá rọ́bà mẹ́rin olómi sábẹ́ fóòmù níbi àyà, kí ọ̀kan lè bá àyà pàdé bó ti wù kẹ́ni náà yí. Omi inú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò pé ààbọ̀ lítà. Sẹ́ńsọ̀ ìtẹ̀, ìyẹn ohun tó ń mọ bí omi ṣe ń tẹ̀, ló wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ yọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, torí afẹ́fẹ́ máa ń sún kì, á sì gbé mímì kékeré mì.

Fóòmù tó nípọn jù ń pa àmì. Ẹnìkejì lórí ibùsùn ń da ọkàn méjì pọ̀. Ọkàn tó ń lù ségesège ń da ìṣirò rú. Ẹni tó jí àmọ́ tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ẹ̀rọ á kà á sí ẹni tó ń sùn, nítorí kò rí ọpọlọ. Ìdí nìyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń fi òru tuntun wé ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ti ẹni náà fúnra rẹ̀: bí yíyí àti dídìde bá pọ̀ sí i lójijì, wọ́n á yẹ ìtọ̀ àti ọkàn wò.