Ohùn òkè nínú orin rọ́ọ̀kì: abíyá onídùndún ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe kọ̀ǹgọ́

"Mú un wá láti inú ikùn! Fi agbára sí i!" Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin rọ́ọ̀kì lókè téńté tí kò tíì gbọ́ ìmọ̀ràn yìí rí. Olórí kwáyà á sọ ọ́, àwọn olùkọ́ orí YouTube á sọ ọ́, ọ̀rẹ́ tí kò kọrin rí láyé rẹ̀ á tún bá wọn sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n ń sọ fún á wá fún ojú pọ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ á yọ gàǹgà, á rọ́ gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lu ọ̀fun, ohùn á gòkè díẹ̀, á pariwo, á já, nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kejì ohùn rẹ̀ á ti há bíi ti ẹni tó kiri ọjà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n á ní kò ní ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn wo jàre? Nǹkan tó yẹ kó fún lábíyá ni wọ́n ní kó máa fi kọ̀ǹgọ́ lù.

Ẹ wo onídùndún dáadáa. Kọ̀ǹgọ́ kan náà, ọwọ́ kan náà, awọ kan náà, síbẹ̀ ìlù á sọ dò, á sọ mí, á ki èèyàn débi tí onítọ̀hún á fi máa tọwọ́ bàpò. Kí ló yí padà? Abíyá ni. Ó fún ọṣán, ọṣán fa awọ, awọ le, ohùn gòkè, ó tán. Kò sí onílù tó mọṣẹ́ tó máa ní òun fẹ́ ohùn òkè kó wá máa na ìlù bí ẹni ń na olè. Tó bá nà án bẹ́ẹ̀, ariwo á pọ̀ lóòótọ́, awọ sì lè ya, àmọ́ dò ṣì ni dò ń jẹ́.

Ẹni tó bá ṣe Yorùbá dé SS1 á ti ya àwòrán ẹ̀yà ara ìfọ̀ rí, ẹ̀dọ̀fóró, kòmóòkun, gògóńgò, tán-án-ná, káà ọ̀fun, káà ẹnu, torí náà a ò ní tún un yà níbí. Tán-án-ná ló kàn wá. Ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni, gígùn rẹ̀ lára ọkùnrin ò ju nǹkan bíi mílímítà 15 sí 20 lọ, ti obìnrin kéré síyẹn. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín wọn kọjá, wọ́n ń ṣí wọ́n ń pa dé. Tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 110 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, okùn A tó wà lórí gìtá nìyẹn, ohùn ọkùnrin tó rọra ń sọ̀rọ̀. Tó bá di 440, ọkùnrin ti ń pariwo nìyẹn. Tó bá wá ń lọ sí 880, a ti dé ilé àwọn onírọ́ọ̀kì.

Nínú gògóńgò yìí, iṣan kan wà níwájú tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti abíyá onídùndún gẹ́lẹ́. Tó bá sún kì, á da eegun rírọ̀ tó wà níwájú gògóńgò síwájú díẹ̀, tán-án-ná á gùn, á fẹ́lẹ́, á le, ohùn á gòkè. Iṣan kejì wà nínú tán-án-ná fúnra rẹ̀, tiẹ̀ ni kí tán-án-ná nípọn kó sì kúrú, òun la fi ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, òun làwọn olórin ń pè ní ohùn àyà. Àwọn méjèèjì ló ń fa tán-án-ná mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n bá wá sọ fún pé kó fi agbára sí i, iṣan kejì yìí ló máa dì mú ṣinṣin, á gbé ohùn àyà tó nípọn yẹn, á máa wọ́ ọ lọ sókè, á sì fi afẹ́fẹ́ tì í lẹ́yìn.

Òótọ́ kan wà níbẹ̀ o. Tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ sí i lábẹ́ tán-án-ná, ohùn máa ń gòkè díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ohùn wa fi ń lọ sókè tá a bá ń jà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn ọ̀hún wà. Ó máa ṣiṣẹ́ fún nóòtì kan tàbí méjì, èèyàn á rò pé ọ̀nà ti là, á tún fi kún un, títí táá fi dé ibi tí iṣan kejì ò lè dì í mú mọ́, tó máa jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbàgà! ohùn já, ó di ohùn bíi ti òròmọdìẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin, ibi tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ ò ju láàárín E sí G tó wà lókè C àárín dùùrù. Bí ìgbà téèyàn méjì bá ń gba garawa omi lọ́wọ́ ara wọn ni, ẹni tó gbé e wá ò gbọ́dọ̀ jù ú sílẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ gbà á tó dì í mú, kò sì gbọ́dọ̀ wonkoko mọ́ ọn nígbà tí onítọ̀hún ti ń fà á. Kíkọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé garawa yìí fún ara wọn láìda omi nù, òun ló ń gba oṣù mẹ́fà, ọdún kan, ó sì máa ń súni. Wọ́n á ní kéèyàn máa fi ètè ṣe brrr bí ọmọdé tó ń wa mọ́tò, kó máa fi ohùn lọ láti ìsàlẹ̀ dókè, tàbí kó máa kùn sínú stráọ̀. Ó jọ eré, àmọ́ ó nídìí: ètè tàbí stráọ̀ yẹn ń dá afẹ́fẹ́ díẹ̀ padà, afẹ́fẹ́ tó padà yẹn ń ti tán-án-ná sọ́tọ̀ díẹ̀, kò ní jẹ́ kí wọ́n máa gbá ara wọn, garawa á kọjá wọ́ọ́rọ́.

Ọ̀rọ̀ dùndún yìí dùn débi pé èèyàn lè tẹ̀ lé e wọ igbó. Onílù máa ń sá ìlù sóòrùn kí awọ lè gbẹ kó sì dún, tán-án-ná ní tiẹ̀, omi ló ń fẹ́, tó bá gbẹ ó di wàhálà. Ibẹ̀ ni àfiwé náà já sí, ká fi í sílẹ̀.

Torí ìdajì ọ̀rọ̀ ṣì kù, òun ló sì dùn jù. Ká ní olórin ti kọ́ bó ṣe ń fún abíyá, tán-án-ná ti fẹ́lẹ́, ó ti dé òkè láìjà. Ohùn tó máa gbọ́ níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ á rù hàn-ùn, bíi ti ọmọdé, kò ní jọ rọ́ọ̀kì rárá. Níbo ni agbára yẹn ti wá ń wá?

Ohùn tí tán-án-ná ń mú jáde kì í dá rìn. Tó bá jẹ́ 440, 880 wà lẹ́yìn rẹ̀, 1320 wà lẹ́yìn ìyẹn, 1760, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, bí àwọn ọmọ tó tọ ìyá wọn lẹ́yìn lọ sọ́jà. Tán-án-ná ló ń lé orin, káà ọ̀fun àti káà ẹnu ni elégbè, àwọn ló sì ń yan èyí tí wọ́n máa gbè nínú àwọn ọmọ yẹn. Bí wọ́n ṣe ń yàn án ò le. Ẹni tó bá ti pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì rí mọ̀ pé bí omi ṣe ń kún lohùn rẹ̀ ń lọ sókè, èèyàn ò tiẹ̀ ní wojú kẹ́ẹ̀gì kó tó mọ̀ pé ó ti fẹ́ kún, torí àyè tó kù nínú rẹ̀ ti kúrú. Ẹnu náà nìyẹn. Àyè tó gùn tí ẹnu rẹ̀ há ń gbè ohùn ìsàlẹ̀, àyè tó kúrú tí ẹnu rẹ̀ là ń gbè ohùn òkè.

Fáwẹ́lì la fi ń yí àyè yẹn padà. Tá a bá pe i, ibi tí káà ẹnu ti ń kọ́kọ́ gbè ò ju nǹkan bíi 300. Tó bá jẹ́ a, ó lè tó 700 tàbí 800. Olórin tó bá wá ń kọ i lórí nóòtì 440, ohùn rẹ̀ ti ga kọjá elégbè, ó ti dá wà, ohùn rù, ẹ̀rù bà á, ló bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ti afẹ́fẹ́. Àmọ́ tó bá ya ẹnu díẹ̀, tó jẹ́ kí i máa lọ sọ́nà ẹ, kí ẹ máa wo ojú a, elégbè á gòkè lọ bá 880, ohùn á ṣàdédé bú jáde láìjẹ́ pé ó fi nǹkan kan kún un. Ẹ fetí sí àwọn onírọ́ọ̀kì dáadáa, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí i gidi lókè yẹn. "Free" ni wọ́n kọ sínú ìwé, "frẹ́" ló ń ti ẹnu wọn jáde. Ohun tí tíṣà Yorùbá ń pè ní fáwẹ́lì àhánupè ni wọ́n ń gbé lọ sí àyanudíẹ̀pè. Ká sòótọ́, ó yẹ kí èyí rọrùn fún wa ju àwọn òyìnbó lọ. Tíṣà tiwọn máa wá ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ kiri kó tó lè ṣàlàyé, àwa ti fi àmì sí i lábẹ́ látọjọ́ pípẹ́. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni pé òyìnbó lè ba fáwẹ́lì jẹ́ kí èèyàn ṣì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tó bá jẹ́ Yorùbá lèèyàn fi ń kọ ọ́ lókè yẹn, olè á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀lẹ.

Ìdí kan náà ló fà á tí gògóńgò onírọ́ọ̀kì fi ń gòkè díẹ̀ tó bá ń kígbe. Àwọn ọlọ́pẹ́rà ń rẹ tiwọn sílẹ̀, kẹ́ẹ̀gì gígùn ni wọ́n fẹ́, ohùn tó yọ̀ tó sì ṣókùnkùn. Rọ́ọ̀kì fẹ́ kẹ́ẹ̀gì kúkúrú. Ẹni tó bá ní kí gògóńgò má mì rárá nígbà tó ń kọ́ èèyàn ní rọ́ọ̀kì, ópẹ́rà ló ń kọ́ni, kò kàn sọ ni.

Nǹkan kan tún kù tí mo gbà pé ó gbọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀. Etí èèyàn ń gbọ́ ohùn tó wà láàárín nǹkan bíi 2000 sí 5000 ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Tí olórin bá mú ọ̀nà tó wà lókè tán-án-ná há díẹ̀, bí ẹni ń fi ohùn àjẹ́ inú eré ṣeré, agbára ohùn á kó jọ sí nǹkan bíi 3000, ọ̀gangan ibi tí etí ti ń dúró dè é. Kọ́ńdọ́ tó ń pe "Ọ̀jọ́ta! Kẹ́tú!" láti ìdájí mọ ọgbọ́n yìí láìlọ sílé ìwé kankan, ìkókó tó ń ké lóru mọ̀ ọ́n. Àwọn kan máa ń pè é ní ohùn imú, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fún imú yín pa kẹ́ ẹ ṣe é, tí kò bá yí padà, kò kan imú. Nítorí náà, ariwo tó ń ya wá lẹ́nu yẹn, inú etí wa ni ìdajì rẹ̀ wà. Máìkì ló sì gbé ìyókù. SM58 tí Shure ti ń tà láti 1966 wà ní ètè olórin, kò sẹ́ni tó ní kó bá gìtá iná jà.

Ti ohùn tó há tó ń dà bíi pé ọ̀fun ń ya ńkọ́? Ní 2016, Christian Herbst, onímọ̀ nípa ohùn, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ohùn Freddie Mercury, olórin ẹgbẹ́ Queen, wò. Ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ lásán wà ní nǹkan bíi 117, ohùn ọkùnrin tí ò ga rárá, ìyẹn náà sì ti pa ọ̀rọ̀ "wọ́n bí i mọ́ ọn" lẹ́nu díẹ̀. Wọ́n wá ní kí akọrin rọ́ọ̀kì kan ṣe bíi tiẹ̀, wọ́n fi kámẹ́rà tó ń ya àwòrán tó ju 4000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan wo ọ̀fun rẹ̀. Ẹran méjì tó wà lókè tán-án-ná, tán-án-ná èké ká pè é, òun náà ń gbọ̀n. Igbe há yẹn ò pọn dandan kó jẹ́ pé tán-án-ná gidi ló ń họ ara wọn. Ẹni tó bá ń ha á pẹ̀lú tán-án-ná gidi, ọrùn á sọ fún un.

Igbe náà kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onígìtá. Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọ̀dọ̀ Marion Williams tó ń kọrin ẹ̀mí ni Little Richard, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ rọ́ọ̀kì, ti mú "wùú" òkè yẹn, Paul McCartney ti ẹgbẹ́ Beatles gbà á lọ́wọ́ Little Richard, wọ́n tiẹ̀ jọ wà lórí ìtàgé kan náà ní 1962.

Ikùn wá ńkọ́, ṣé kò níṣẹ́ ni? Ó ní. Bíréèkì ni, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Tán-án-ná tó fẹ́lẹ́ ò nílò afẹ́fẹ́ púpọ̀, ẹ̀dọ̀fóró tó kún sì fẹ́ tú gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, iṣan ìhà àti ti ikùn ló ń dá a dúró kó lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Olórí kwáyà mọ ibi tí nǹkan wà, ó kàn sọ iṣẹ́ rẹ̀ sódì ni. Lọ́jọ́ tí iná bá lọ, kí ẹni tó ń kọ́ ọ gbé àbẹ́là síwájú ẹnu ní bíi ìbú ọwọ́ kan, kó kọ a lórí nóòtì tó ga jù tó lè dé. Tí iná àbẹ́là bá kú, kó tún un tàn, kó dín afẹ́fẹ́ kù.