Ìdí Tí Idà Yín Fi Ń Tàsé Alákàn ní Morrowind

Nínú gbogbo ẹjọ́ tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ géèmù Morrowind máa ń gbé wá bá mi, ti alákàn ló pọ̀ jù. Wọ́n á ní àwọn dúró tì í, àwọn ń fi ọ̀bẹ gún un, ojú àwọn báyìí ni ọ̀bẹ ń wọ karawun rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Àfi fìì, fìì, tí ọ̀bẹ ń gé afẹ́fẹ́. Nígbà tó bá yá, alákàn á pa wọ́n. Wọ́n á wá ní géèmù náà ti bàjẹ́.

Kò bàjẹ́ rárá. Ọdún 2002 ni Bethesda gbé e jáde, ó sì ṣì sún mọ́ irú eré tí àwọn èèyàn ń fi bébà àti dáìsì ṣe nídìí tábìlì. Ohun tí ẹ rí lójú kọ́ ló ń sọ bóyá ẹ bá ọ̀tá tàbí ẹ ò bá a. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ju ọwọ́, kọ̀ǹpútà ń ju dáìsì tiẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Á mú ìmọ̀ọ́ṣe yín lórí irú ohun ìjà tó wà lọ́wọ́ yín, á fi ìdá kan nínú márùn-ún Agility yín (bí ara yín ṣe yá tó) kún un, á tún fi ìdá kan nínú mẹ́wàá Luck yín (oríire) kún un. Lẹ́yìn náà á wo okun yín, ìyẹn ìlà aláwọ̀ ewé tó wà nísàlẹ̀. Bí ìlà náà bá kún, á fi 1.25 sọ àròpọ̀ yẹn di púpọ̀. Bí ó bá ti gbẹ, 0.75 ni. Ohun tó bá kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ìyẹra ti ọ̀tá kúrò, òun ni ìdá tí ẹ ní nínú ọgọ́rùn-ún láti bá a.

Ẹ jẹ́ ká fi Redguard, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tí ẹ lè yàn fún akọni yín, ṣírò rẹ̀, torí òun ni mo máa ń ní kí ẹni tuntun mú. Agility rẹ̀ 40, Luck 40. Ẹ fi Long Blade (idà gígùn) sáàárín ìmọ̀ọ́ṣe pàtàkì, ẹ mú Combat (ìjà) ní ẹ̀ka yín: 30 ni ti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yà Redguard fi 15 kún un, ẹ̀ka fi 5 kún un, ó di 50. Tí okun bá kún, ẹ ní ìdá 77 àbọ̀ kí a tó yọ ti ọ̀tá. Ó dáa. Àmọ́ ọ̀bẹ irin kan wà lórí tábìlì ní ọ́fíìsì ìjọba tí ẹ ti ń jáde ní Seyda Neen, ìlú tí géèmù ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí kì í mú un. Short Blade (idà kúkúrú) ni ọ̀bẹ yẹn, Long Blade kọ́. Short Blade ti Redguard yìí ò ju 10 lọ. Ẹ wá sáré láti ẹnu ọ̀nà dé etí omi, okun ti tán kí ẹ tó débẹ̀, torí sísáré ń jẹ okun nínú géèmù yìí, gbogbo ọwọ́ tí ẹ bá jù náà sì ń jẹ ẹ́. Ìdá 16 àbọ̀ ló kù fún yín. Akọni kan náà ni o.

Nítorí náà, ẹ rìn lọ bá ọ̀tá, ẹ má sáré. Tí okun bá ti lọ sílẹ̀, ẹ sinmi kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ di bọ́tìnnì mú kí apá ró sẹ́yìn dáadáa kí ẹ tó tú u sílẹ̀, nítorí bí apá bá ṣe ró tó ni ọgbẹ́ ṣe ń jìn tó. Owó 87 tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ jáde, ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Arrille, kí ẹ ra ohun tó bá ìmọ̀ọ́ṣe yín mu. (Òrùka kan wà nínú àgbá ní àgbàlá ọ́fíìsì ìjọba yẹn. Fargoth, ará ìlú náà kan, ló ni ín. Ẹ dá a padà fún un, inú Arrille pàápàá á yọ́ sí yín, ọjà á sì rọjú díẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ yíyan ìmọ̀ọ́ṣe ló kàn. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n. Márùn-ún pàtàkì ń bẹ̀rẹ̀ láti 30, márùn-ún tó tẹ̀ lé wọn láti 15, gbogbo ìyókù láti 5. Ohun tí mo máa ń rí ni pé èèyàn á mú àáké, á mú ọ̀kọ̀, á mú kùmọ̀, á mú ọfà, bí ẹni ń kó ẹrù ogun. Ọwọ́ méjì péré lẹ ní. Ẹ mú ohun ìjà kan, irú ìhámọ́ra kan, àti Block tí ẹ bá fẹ́ gbé asà. Ẹ fi ohun tí ẹ mọ̀ pé ẹ máa lò lójoojúmọ́ kún ìyókù, torí mẹ́wàá yìí nìkan ló ń gbé ipele yín sókè: tí wọ́n bá fi mẹ́wàá pọ̀ sí i lápapọ̀, ẹ ti gun ipele kan nìyẹn. Idán dára, ṣùgbọ́n agbára idán kì í padà wá fúnra rẹ̀ bí ẹ ṣe ń rìn kiri, àfi kí ẹ sùn. Ẹni tuntun tó gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan á sùn títí.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí, tó sì dùn mí: Endurance, ìyẹn ìfaradà. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gun ipele, ìdá kan nínú mẹ́wàá Endurance yín ni wọ́n fi ń kún ẹ̀mí yín, wọn kì í sì í san gbèsè ẹ̀yìn. Ẹni tó gbé e dé 100 ní ipele ogún ò lè rí ohun tó ti pàdánù ní ipele méjì gbà mọ́. Heavy Armor, Medium Armor àti Spear ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lo ọ̀kan nínú wọn, àǹfààní Endurance á tóbi nígbà tí ẹ bá gun ipele. Ní ti ìràwọ̀ ìbí tí ẹ máa yàn fún akọni yín, Warrior ń fi 10 kún bíbá ọ̀tá, ìyẹn á tu ẹni tó ń tàsé nínú. Èmi ò kì í mú un. Lady ni mo máa ń mú, torí ó ń fún èèyàn ní Endurance 25.

Ihò àpáta Addamasartus wà nítòsí Seyda Neen, àwọn onífàyàwọ́ tó ń kó ẹrú ló wà níbẹ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná. Ẹ wọ Silt Strider, kòkòrò ńlá tó ń gbé èrò, lọ sí ìlú Balmora, kí ẹ wá Caius Cosades kàn, ẹni tí géèmù ní kí ẹ lọ bá. Á fún yín ní owó 200. Fighters Guild, ẹgbẹ́ àwọn jagunjagun, wà nílùú náà, eku sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rán yín pé kí ẹ lọ pa. Ẹ má rí i fín. Àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀ tí ẹ lè san owó fún kí ìmọ̀ọ́ṣe yín gòkè, mo sì rò pé kò síbi tí owó àkọ́kọ́ wúlò sí ju ibẹ̀ lọ. Wọn ò kàn lè kọ́ yín kọjá iye àbùdá (bíi Agility tàbí Endurance) tó ń darí ìmọ̀ọ́ṣe ọ̀hún.

Tí ẹ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí wọ àwọn ibojì ìdílé tó wà káàkiri Vvardenfell, erékùṣù tí géèmù náà ti ń wáyé, ẹ mọ̀ pé irin lásán kì í ran iwin. Bí ìmọ̀ọ́ṣe yín tiẹ̀ tó 100, idà irin ò ní ṣe é ní nǹkan kan. Fàdákà ni, tàbí idà tí wọ́n ti fi idán sí, tàbí kí ẹ fi idán jà á. Tí ẹ ò bá ní ìkankan nínú wọn, ẹ padà sẹ́yìn, kí ẹ pa ilẹ̀kùn dé.