Ìlà já wálẹ̀, gàrí ò wálẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù

Ní oṣù Èrèlé 2025, NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, kéde pé ọ̀wọ́ngógó ọjà tó wà ní 34.80% ní oṣù Ọ̀pẹ̀ 2024 ti di 24.48% ní oṣù Ṣẹ́rẹ́. Àwòrán rẹ̀, irú èyí tó máa ń wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, gba orí WhatsApp: ìlà pupa kan tó ń gòkè bọ̀, tó wá já lójijì bí ẹni jábọ́ lórí ọ̀pẹ. Wọ́n ṣì ń fi ránṣẹ́ sí mi. Àwọn tó ń nájà ní Bódìjà sì ń bi mí pé ọjà wo gan-an ni wọ́n lọ.

Kí tiẹ̀ ni dáṣíbọ́ọ̀dù?

Bí ẹ bá wọ Micra láti Dùgbẹ̀ lọ sí Mọ́kọ́lá, ẹ wo iwájú awakọ̀. Ibi tí ọwọ́ epo, ọwọ́ eré àti iná pupa wà yẹn ni. Ti orí kọ̀ǹpútà náà, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe: ó ń kó ohun tó yẹ kí ọ̀gá mọ̀ jọ sójú kan, kó má baà máa ṣí ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ Micra, ọwọ́ epo yẹn ti kú tipẹ́. Iye epo tí awakọ̀ rà láàárọ̀ ló fi ń mọ ibi tó lè dé.

Ṣé dátà tí wọ́n ní dáṣíbọ́ọ̀dù ń lò ni èyí tí à ń rà sórí fóònù?

Rárá. Àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ rà ti tán.

24.48% yẹn, ṣé ọjà ti wálẹ̀ ni?

Kò wálẹ̀. Bí owó ọjà ṣe ń yára gòkè sí ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á. Ká sọ pé kóńgò gàrí jẹ́ ₦1,000. Ọdún kan kọjá, 30% gùn ún, ó di ₦1,300. Ọdún kejì, 20% gùn ún, ó di ₦1,560. Ìlà orí àwòrán ti wálẹ̀ láti 30 sí 20, bẹ́ẹ̀ ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ̀bà tún ti fi ₦260 kún owó.

Kí ló wá dé tó fi já lójijì, tí kò rọra wálẹ̀?

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. NBS pààrọ̀ òṣùwọ̀n. Tẹ́lẹ̀, iye owó ọdún 2009 ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Wọ́n wá bọ́ sí 2024, wọ́n sì tún agbọ̀n ọjà, ìyẹn àwọn ọjà tí wọ́n ń wo iye owó wọn, tò, ìpín oúnjẹ nínú rẹ̀ sì dín kù. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, nítorí ohun tí à ń náwó lé lórí ní 2009 kọ́ là ń náwó lé lórí lónìí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé inú òṣùwọ̀n àtijọ́ ni 34.80% ti wá, inú tuntun sì ni 24.48% ti wá.

Ẹni tó bá ń nájà ní Ọjà Ọba mọ̀ pé kóńgò ju kóńgò lọ. Òmíràn wà tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Bí ẹ bá fi kóńgò ìyá kan wọn ẹ̀wà lánàá, tí ẹ fi ti ẹlòmíì wọ̀n ọ́ lónìí, ẹ ò lè torí ẹ̀ sọ pé ẹ̀wà ló dín. Ó yẹ kí ẹni tó ya àwòrán yẹn gé ìlà náà síbẹ̀, kó kọ ọ́ gàdàgbà pé òṣùwọ̀n ti yí padà. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó so okùn méjì pọ̀.

Ṣé áàpù ló purọ́?

Áàpù ò mọ nǹkan kan. Àwọn áàpù tí wọ́n fi ń ya irú àwòrán yìí, Power BI, Tableau, Looker Studio ti Google, títí kan Excel, gbogbo wọn ló máa fa ìlà láti nọ́ńbà kan dé èkejì láì bi yín níbi tí ẹ ti rí i.

Wọ́n kọ "live" sí orí dáṣíbọ́ọ̀dù kan. Ṣé bó ṣe rí lọ́wọ́lọ́wọ́ ni?

Ẹ má tíì gbà. Àkọsílẹ̀ tí ẹ bá kó sínú Power BI Pro, ẹ̀ẹ̀mẹjọ péré lójúmọ́ lẹ lè ṣètò kó máa sọ ọ́ dọ̀tun. Ìyẹn bí ẹnì kan bá tiẹ̀ ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Mo bá ìyá kan tó ń ta ìrẹsì ní Bódìjà ṣe ọ̀kan. Tábúlẹ́ẹ̀tì wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóńgò, àwọ̀ ewé ń dán lójú rẹ̀: àpò 41 ló kù. Oníbàárà ní òun fẹ́ 15. A ṣí sítọ̀, àpò 6 la bá, àti ológbò kan tó sùn lé wọn. Ọmọ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ti lọ ṣe Iléyá ní Ìsẹ́yìn, ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì. Ìyá wojú mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ rẹ yìí ò mọ̀ pé Rámọ́nì ò sí nílé ni?" Kò mọ̀. Èmi ni mi ò fi ọjọ́ tí wọ́n kọ̀wé kẹ́yìn síbi tí ojú lè rí i. Ó ti wà níbẹ̀ báyìí, ó tóbi ju iye àpò lọ.

Kí ni kí n kọ́kọ́ wò bí irú àwòrán yìí bá dé?

Bó bá jẹ́ òpó ni wọ́n fi yà á, ẹ wo ìdí òpó. Bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ láti 20 dípò òdo, òpó 26 máa ga tó ìlọ́po mẹ́ta òpó 22. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Bí ẹ ò bá rí ìkankan, ẹ má fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí.

Mo fẹ́ ṣe ti ṣọ́ọ̀bù mi. Kí ni kí n bẹ̀rù?

Bọ́tìnnì kan tí Power BI ń pè ní "Publish to web". Ẹnikẹ́ni tí líǹkì rẹ̀ bá dé ọwọ́ rẹ̀ lè wò ó, kò nílò ọ̀rọ̀ aṣínà. Tableau Public náà, ìta gbangba ni. Bí orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà fóònù wọn àti gbèsè tí wọ́n jẹ bá wà níbẹ̀, ẹ ti gbé ìwé gbèsè yín lẹ́ ògiri Dùgbẹ̀, òfin ààbò dátà ti 2023 sì wà nílẹ̀.

Dáṣíbọ́ọ̀dù ọ̀gá wa, àwọ̀ ewé ni látòkè délẹ̀. Ṣé iṣẹ́ wa ń lọ dáadáa nìyẹn?

Ẹ béèrè nọ́ńbà tí pupa ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ọ̀kan tí wọn ò fi pupa sí rárá.