Ewúro kì í fọ ṣúgà

Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ láti Ìwó Road lọ sí Challenge nílùú Ìbàdàn kò ní ṣàì bá oníbítà pàdé lọ́jọ́ kan. Á dìde láàárín èrò, á gbé ìgò sókè, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í sì í yàtọ̀: "Ṣúgà dùn, ewúro korò. Kíkorò ló ń pa dídùn." Èrò á máa mi orí. Èmi náà mi orí tèmi fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ màmá mi wò, tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ìyá Mápó, ẹ̀gbọ́n màmá mi, dé sílé wa ní Mọ́lété pẹ̀lú ìdì ewúro àti èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kún ike. "Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n kò ní ṣúgà nínú. Jẹ ẹ́ yó. Èyí tó bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ tẹ́lẹ̀, ewúro á fọ̀ ọ́ dànù." Ta ló fẹ́ já wọn ní koro? Ìfẹ́ ló gbé wọn wá.

Lọ́jọ́ Àìkú, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé iwájú àwọn méjèèjì. Ó ga débi pé ó fẹ́ jọ òkè tí Ìyá Mápó ti sọ̀ kalẹ̀ wá. Ife omi ewúro kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé e. Àbúrò mi ọkùnrin ti ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò, ó sì ti gún màmá mi lọ́wọ́ kí wọ́n tó jẹun: 138 (mg/dL ni ẹ̀rọ náà fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀). Lẹ́yìn wákàtí méjì, ó tún gún wọn: 271.

"Ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́," ni Ìyá Mápó wí.

Àbúrò mi ò jiyàn. "Ẹ mú ìka tiyín náà wá, mà."

117 ló jáde níbẹ̀. Ilé dákẹ́.

Oúnjẹ kan náà ni, ewúro kan náà ni, ara ló yàtọ̀. Ká ní ewúro ló ń fọ ṣúgà ni, ì bá fọ ti màmá mi pẹ̀lú.

Ahọ́n ló ń tàn wá jẹ. Ohun tó bá dùn lẹ́nu là ń pè ní ṣúgà, ohun tí kò bá dùn, a gbà pé kò ní. Ẹ bu iṣu sísè díẹ̀ sẹ́nu, ẹ má gbé e mì, ẹ máa jẹ ẹ́ lẹ́nu fún bí ìṣẹ́jú méjì. Á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Itọ́ ẹnu ló ń já a. Ṣúgà ló so kọ́ra wọn nínú iṣu, ẹ̀gẹ́, ìrẹsì, àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sókùn. Bí ó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ìfun, okùn á já, ìlẹ̀kẹ̀ á tú ká, á sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, àmàlà dúdú, láfún, ẹ̀bà, sẹ̀mó, wíìtì, kò sí èyí tí kì í di ṣúgà nínú wọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n tiẹ̀ ní irú ìlẹ̀kẹ̀ kan tó ṣòro já, òótọ́ ni, ìyẹn nígbà tó wà ní tútù. Tí a bá ti lọ̀ ọ́ kúnná, tí a wá fi omi híhó rò ó, èyí tó pọ̀ jù nínú líle yẹn ti rọ̀. Ẹni tó se ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà lódindi, tó fi ẹ̀fọ́ jẹ ẹ́ níwọ̀nba, ń ṣe dáadáa ju ẹni tó rò ó ní òkìtì lọ.

Kí ló wá dé tí ti Ìyá Mápó kò lọ sókè? Ẹ wo ọjà Bódìjà láàárọ̀ tí ọkọ̀ iṣu bá wọlé. Alábàárù ló ń kó iṣu kúrò lójú títì wọ ìsọ̀. Ká ní alábàárù ò tó nǹkan, tàbí kí àwọn onísọ̀ máa ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, iṣu á kún títì, ebi á sì máa pa ẹni tó jókòó sínú ìsọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni títì yẹn. Ínsúlínì, tó ń ti ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn ikùn jáde, ni alábàárù. Nínú irú àtọ̀gbẹ tó ń bá àgbàlagbà jà, alábàárù wà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ò ṣí fún wọn dáadáa, àwọn fúnra wọn á sì máa rẹ̀ bó bá ti ń pẹ́. Kíndìnrín á wá máa da ṣúgà tó pọ̀ jù sínú ìtọ̀, omi ara á sì tẹ̀ lé e. Àwọn baba wa rí i kí ẹ̀rọ tó dé: ẹni náà ń tọ̀, ó ń gbẹ, eèrà ń ṣù bo ibi tó tọ̀ sí.

Ohun kan tún wà tó da ọ̀rọ̀ oníbítà rú. Màmá mi á jẹun aago méje alẹ́, wọn ò ní fi nǹkan kan kan ẹnu mọ́, síbẹ̀ ẹ̀rọ á gbé 150 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde láàárọ̀. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ wà bó ṣe yẹ kì í sábà tó 100 ní àkókò yẹn. Bó bá ti ń dé 126 sókè léraléra, àtọ̀gbẹ ni. Níbo ni ṣúgà òru ti wá? Ẹ̀dọ̀ ni. Ẹ̀dọ̀ máa ń ṣe ṣúgà fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá sùn, kí ọpọlọ má bàa ṣe aláìní. Nínú àtọ̀gbẹ, kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró. Ibẹ̀ gan-an ni metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, ti ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ metformin yìí sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí orí ewé ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ewé kan wà ní Yúróòpù tó ń jẹ́ Galega, tí àwọn ará ibẹ̀ ń lò láti ayébáyé. Èròjà inú rẹ̀ ń fa ṣúgà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní májèlé. Àwọn onímọ̀ wá ṣe èyí tó fara jọ ọ́ tí kò léwu bẹ́ẹ̀, dókítà Jean Sterne, tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris, sì tẹ àbájáde ohun tó fi tọ́jú ènìyàn jáde ní ọdún 1957, ọdún kan náà tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn UCH nílùú Ìbàdàn wa níbí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ oògùn òyìnbó, ewé lòun fẹ́, oògùn tó ń sá fún ti jáde láti ara ewé rí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n ti wọn èyí tó wà nínú hóró kan. Ta ló wọn ewúro tí a gbo sínú ife?

Mi ò bú ewúro o. Wọ́n ti fún eku tí wọ́n dá àtọ̀gbẹ sí lára ní ewúro lẹ́nu ìwádìí, ṣúgà wọn sì wálẹ̀. Ó jìnnà láti ibẹ̀ dé ibi tí ènìyàn á ti sọ oògùn nù. Kíkorò rẹ̀ kò sì níṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ po ṣúgà ṣíbí mẹ́ta sínú omi ewúro, ahọ́n lè má mọ̀ ọ́n dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ibo ló gbà lọ?

Ìgbà kan wà tí ewúro fẹ́ kó bá wa. Oríṣi oògùn méjì ni màmá mi ń lò nígbà náà, èkejì sì jẹ́ irú èyí tó ń lé ínsúlínì jáde, yálà ènìyàn jẹun tàbí kò jẹ. Wọ́n lo oògùn, wọ́n fi ife ewúro dípò oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ àwọn tètè mọ́. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́ta, òógùn ti bo wọ́n, ọwọ́ ń gbọ̀n, wọ́n ń pe orúkọ àbúrò mi mọ́ mi. Ẹ̀rọ ní 58. Bó bá ti wá sí ìsàlẹ̀ 70, ó ti di eré sísá. Ṣúgà ṣíbí ìpotíì mẹ́ta nínú omi ni mo fún wọn mu, a dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a tún yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti gòkè, mo wá gbé oúnjẹ síwájú wọn. Ṣúgà tí a ń lé káàkiri náà ló gbà wọ́n lọ́jọ́ náà.

Ṣé oúnjẹ kò wá ṣe nǹkan kan ni? Ó ń ṣe é, ó ń ṣe púpọ̀, ṣùgbọ́n inú àwo ló ti ń ṣe é. A ò dá ìkòkò aláìsàn sọ́tọ̀ nílé wa, ohun tí màmá ń jẹ ni gbogbo wa ń jẹ. Ẹ̀fọ́ ló ń gba ìdajì àwo báyìí: ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, gbúre, ewúro tí a fọ̀ dáadáa. Ewédú pọ̀, gbẹ̀gìrì ki, nítorí ẹ̀wà máa ń fa okùn ìlẹ̀kẹ̀ yẹn pẹ́ kó tó já. Ẹja tàbí ìgbín wà níbẹ̀. Àmàlà kò ju ìkúùkù kan lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja díẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan òkèlè, bí wọ́n bá sì jẹun tán, wọ́n á rìn dé ìdí ìyá aláta padà wálé. Oyin kò sí nínú rẹ̀ o, torí ṣúgà loyin náà.

Wọ́n ń ki Ìbàdàn ní ọmọ a-jòro-sùn, ọmọ a-jẹ-ìgbín-yó. Ìgbín ni wọ́n ní àwọn baba wa ń jẹ yó lórí òkè. Àmàlà làwa ń jẹ yó ní tiwa, a wá fi ìgbín kan ṣoṣo ṣe ẹ̀ṣọ́ lórí rẹ̀.

Irú àwo tuntun yìí, pẹ̀lú oògùn wọn, gbé 164 jáde lẹ́yìn wákàtí méjì nígbà àkọ́kọ́ tí a dán an wò. Màmá mi di ẹ̀rọ náà mú, wọ́n ń wò ó bíi pé fọ́tò ọmọ ọmọ wọn ni.

Ìyá Mápó ṣì ń gbé ewúro wá. A máa ń fọ̀ ọ́, a máa ń fi ẹ̀gúsí sè é. Nígbà tí wọ́n wá kẹ́yìn, kí wọ́n tó jókòó, wọ́n na ìka sí àbúrò mi: "Gún tèmi ná, kí n tó jẹun."