Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Ni Wọ́n Sùn: Bí Ìjọba Ọlọ́run Ṣe Ń Dé àti Bí Èèyàn Ṣe Ń Múra Dè É

Àwọn tó mọ àkàwé wúndíá mẹ́wàá nínú Mátíù orí 25, àwọn tó gbé fìtílà jáde lọ pàdé ọkọ ìyàwó, kì í gbàgbé pé márùn-ún gbọ́n, márùn-ún ò gbọ́n. Wọn kì í gbàgbé òróró tó tán àti ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń fò kọjá ni ẹsẹ karùn-ún: nígbà tí ọkọ ìyàwó pẹ́, gbogbo wọn tòògbé, gbogbo wọn sì sùn. Ọlọgbọ́n sùn, aláìgbọ́n sùn. Nígbà tí igbe sì ta láàárín ọ̀gànjọ́, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló jí, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló tún fìtílà ṣe. Ìyàtọ̀ wọn kò sí nínú ta ló lajú sílẹ̀. Inú kólòbó òróró tí àwọn márùn-ún ti gbé dání láti ilé ló wà, kí oorun tó kun ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, "ẹ máa ṣọ́nà" ni Jésù fi kádìí ìtàn náà. Báwo ni a ṣe lè pàṣẹ pé kí èèyàn máa ṣọ́nà, kí a sì tún pe ẹni tó sùn ní ọlọgbọ́n? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú irú ohun tí Ìjọba Ọlọ́run jẹ́ àti ọ̀nà tó ń gbà dé, nítorí bí àlejò bá ṣe máa wọlé ni wọ́n ṣe ń tún ilé ṣe dè é.

Èdè Yorùbá ti ṣe ìdajì àlàyé náà fúnra rẹ̀. Inú "jẹ ọba" ni "ìjọba" ti wá. Ṣíṣe ọba ni, kì í ṣe ilẹ̀ tí ọba ń ṣàkóso. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Hébérù, malkut, àti ti Gíríìkì, basileia, ṣe rí: àṣẹ ọba ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́ka sí kí ọ̀rọ̀ tó kan ààlà ilẹ̀. Ìjọba Ọlọ́run, nígbà náà, ni pé Ọlọ́run ń jọba. Ibi tí ìfẹ́ rẹ̀ bá ti ń ṣẹ ni ìjọba rẹ̀ ti wà, ìdí sì nìyẹn tí Àdúrà Olúwa fi to ọ̀rọ̀ méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn: kí ìjọba rẹ dé, kí ìfẹ́ rẹ ṣẹ ní ayé bíi ti ọ̀run. Mátíù sábà máa ń pè é ní "ìjọba ọ̀run" níbi tí Máàkù àti Lúùkù ti pè é ní "Ìjọba Ọlọ́run". Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọ̀nà àwọn Júù láti bọ̀wọ̀ fún orúkọ Ọlọ́run ló fà á. Ó ṣeni láàánú pé orúkọ kejì yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibi tí òkú ń lọ nìkan ni Jésù ń sọ, nígbà tó jẹ́ pé lọ́pọ̀ ìgbà tó bá sọ ọ́, ó ń sọ ohun tó ń bọ̀ wá bá àwọn alààyè níbi tí wọ́n wà.

Ìgbà wo ló ń dé? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú fún ẹni tó bá ń kánjú. Nínú Máàkù 1:15, ìwàásù àkọ́kọ́ Jésù ni pé àkókò ti pé, Ìjọba Ọlọ́run ti sún mọ́lé. Nínú Mátíù 12:28, ó sọ pé bó bá jẹ́ Ẹ̀mí Ọlọ́run ni òun fi ń lé ẹ̀mí èṣù jáde, a jẹ́ pé Ìjọba náà ti dé bá àwọn tó ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀, orí mẹ́fà ṣáájú ìyẹn nínú ìwé kan náà, ó kọ́ wọn pé kí wọ́n máa gbàdúrà pé kí ó dé. Ohun tó ti dé kọ́ la ń bẹ̀ pé kó máa bọ̀, àfi tó bá jẹ́ pé díẹ̀ ló tíì dé nínú rẹ̀. Ohun tí ẹ̀kọ́ Kristẹni dúró lé lórí gan-an nìyẹn: Ìjọba náà ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì parí.

Ọ̀mọ̀wé Oscar Cullmann fi Ogun Àgbáyé Kejì ṣàpèjúwe rẹ̀, kò sì rọrùn láti rí èyí tó dára jù ú lọ. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1944 ni ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ti Bírítéènì àti àwọn alájọṣe wọn gúnlẹ̀ sí etíkun Normandy ní Faransé. Bí wọ́n ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀, ibi tí ogun náà máa já sí ti hàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún ọdún 1945 ni Jámánì tó juwọ́ sílẹ̀. Oṣù mọ́kànlá ló wà láàárín, ìjà sì ń lọ, èèyàn ń kú. Ní ìṣirò Cullmann, ikú àti àjíǹde Jésù ni ìgúnlẹ̀ yẹn, ìpadàbọ̀ rẹ̀ ni ọjọ́ ìṣẹ́gun, àárín méjèèjì sì ni ìjọ ń gbé. Onígbàgbọ́ tó bá rò pé ogun ti parí pátápátá yóò máa ya ara rẹ̀ lẹ́nu nígbàkigbà tí ìyà bá jẹ ẹ́. Èyí tó bá rò pé kò tíì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ yóò máa jà bí ẹni tí wọ́n ti ṣẹ́gun.

Bí Ìjọba náà ṣe ń dàgbà láàárín àkókò yìí ni àkàwé Mátíù orí 13 dá lé. Hóró músítádì àti ìwúkàrà ń sọ ohun kan náà: ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú kò ka sí, ó sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Máàkù orí 4 fi ti ẹni tó fúnrúgbìn kún un: ó sùn, ó jí, irúgbìn náà hù, òun gan-an kò sì mọ bó ṣe hù ú. (Oorun tún rèé, kò sì sí ẹni tó bá a wí.) Èyí tó le jù nínú gbogbo wọn ni ti èpò. Ọ̀tá gbin èpò sáàárín àlìkámà lóru. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ fẹ́ fà á tu, baálé kọ̀. Irú èpò tí ìtàn náà ní lọ́kàn jọ àlìkámà débi pé ìgbà tí ṣírí bá yọ ni ojú tó lè dá a mọ̀ dáadáa, nígbà yẹn gbòǹgbò méjèèjì á sì ti lọ́ mọ́ra. Ẹni tó bá fa ọ̀kan tu á fa èkejì. Ìdí tí Ọlọ́run kò fi tíì fa ibi tu kúrò láyé nìyí, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ yìí: ìdúró náà jẹ́ ààbò fún àlìkámà. Ó tún túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ìyàsọ́tọ̀ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú oko, ohun tí ọ̀pọ̀ olùṣọ́ èpò nínú ìjọ kì í fẹ́ gbọ́.

Ọ̀nà àtiwọlé kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìrònúpìwàdà ni, èyí tí ọ̀rọ̀ Gíríìkì rẹ̀ túmọ̀ sí yíyí ọkàn padà, pẹ̀lú ìgbàgbọ́. Jésù pè é ní àtúnbí fún Nikodémù nínú Jòhánù orí 3, ó sì sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé ẹni tí kò bá gbà á bí ọmọdé kò ní wọ inú rẹ̀. Ọmọdé kì í sanwó ohun tí wọ́n bá fún un.

Ọ̀rọ̀ ìmúrasílẹ̀ wá ku. Láti ìparí Mátíù orí 24 dé orí 25, ìtàn mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn, ohun kan náà sì wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ ọ̀dọ̀ burúkú sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé ọ̀gá òun ń pẹ́. Ọkọ ìyàwó pẹ́. Ọ̀gá tó pín tálẹ́ńtì pẹ́ kó tó padà dé. Ìdádúró kì í ṣe àṣìṣe tó wọnú ètò náà lójijì. Jésù ti kà á mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn wúndíá aláìgbọ́n kò ṣe aláìgbàgbọ́. Wọ́n gbà pé ọkọ ìyàwó ń bọ̀, wọ́n jáde lọ pàdé rẹ̀, fìtílà wọn sì ń jó. Ohun tí wọn kò rò ni pé ó lè pẹ́. Ìmúrasílẹ̀ wọn tó fún àlejò tó tètè dé nìkan.

Ẹni tó bá gba ìdádúró láìmọ ohun tí yóò fi í ṣe, ọ̀nà méjì ló sábà máa ń bá ya. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti ọmọ ọ̀dọ̀ burúkú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń bá ọ̀mùtí mu. Èkejì ni kíka ọjọ́. Ní Tẹsalóníkà, nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn Jésù, àwọn kan nínú ìjọ kò ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n ń rìn kiri bí olófòófó, títí Pọ́ọ̀lù fi pàṣẹ pé ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́, kí ó má jẹun. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ Bíbélì rò pé ìrètí pé ọjọ́ Olúwa ti dé tán ló mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. William Miller, àgbẹ̀ tó di oníwàásù Baptist ní Amẹ́ríkà, ka ọjọ́ 2,300 inú Dáníẹ́lì 8:14 sí ọdún, ó sì ṣírò pé nǹkan bí ọdún 1843 ni Jésù yóò padà wá. Nígbà tí ọdún náà kọjá, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ fẹnu kò sí ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1844. Àwọn àgbẹ̀ kan fi irè oko wọn sílẹ̀ láìkó. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ọjọ́ náà sì di èyí tí ìtàn ń pè ní Ìjákulẹ̀ Ńlá. Bẹ́ẹ̀, Máàkù 13:32 ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tàbí wákàtí náà, àwọn áńgẹ́lì kò mọ̀ ọ́n, Ọmọ pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń ka ọjọ́ ń wá ọ̀nà àti gbé òróró díẹ̀ dání ni: bí ó bá mọ wákàtí rẹ̀, kí ni yóò fi kólòbó ṣe?

Àwọn ìjọ kò tíì fẹnu kò lórí bí òpin yóò ṣe tẹ̀ léra. Ẹgbẹ̀rún ọdún inú Ìfihàn orí 20 ló ń ya wọ́n jù: àwọn kan ní Jésù yóò kọ́kọ́ padà wá kó tó bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò wá, Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́ ní Àríwá Áfíríkà, àti ọ̀pọ̀ tó tẹ̀ lé e sì gbà pé àkókò ìjọ tó ń lọ lọ́wọ́ yìí gan-an ni. Àṣẹ ṣíṣọ́nà kò yí padà nínú ọ̀kankan.

Kí wá ni òróró náà? Jésù kò sọ. Augustine, nínú ìwàásù rẹ̀, pè é ní ìfẹ́. John Chrysostom, bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́ mìíràn, ní àánú ṣíṣe ni, ó sì ní àwọn tó ń ta òróró náà ni àwọn tálákà: ọ̀dọ̀ wọn ló yẹ kí èèyàn ti lọ rà á nígbà tí ọjà ṣì wà. Àwọn mìíràn ní Ẹ̀mí Mímọ́ ni. Ohunkóhun tó bá jẹ́, ìtàn náà fi ìwà rẹ̀ hàn: kò ṣeé yá, kò sì ṣeé wá ní wàrà-wàrà. Ó lè dà bíi pé àwọn ọlọgbọ́n ya ahun nígbà tí wọn kò fún àwọn yòókù lára òróró wọn. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí ìyá kò lè fún ọmọ, tí pásítọ̀ kò lè fún ìjọ rẹ̀. Sùúrù tí ẹnì kan fi ogún ọdún kọ́, ẹlòmíràn kò lè tọrọ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí wàhálà dé. Òun ló jẹ́ kí ọlọgbọ́n lè sùn. Ẹni tí òróró rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kò nílò láti máa fi ìbẹ̀rù là ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Lúùkù orí 12 fi àwòrán mìíràn hàn: ẹ di àmùrè yín, kí fìtílà yín máa jó. Aṣọ gígùn ni wọ́n ń wọ̀ nígbà náà, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣiṣẹ́ á ká a sókè, á fi àmùrè dì í. Aṣọ iṣẹ́, nígbà náà, ni aṣọ ẹni tó ń retí ọ̀gá rẹ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e kì í sábà ṣẹlẹ̀ nílé ọ̀gá kankan: bí ọ̀gá bá dé tó bá wọn lójúfò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò di àmùrè, tí yóò ní kí wọ́n jókòó, tí yóò sì gbé oúnjẹ fún wọn.

Ti tálẹ́ńtì náà, iṣẹ́ ló dá lé. Lónìí, ẹ̀bùn àbínibí ni èèyàn ń pè ní tálẹ́ńtì, inú àkàwé yìí sì ni ìtumọ̀ yẹn ti jáde. Nígbà náà, owó ni. Tálẹ́ńtì kan tó owó dínárì 6,000, dínárì kan sì ni owó iṣẹ́ ọjọ́ kan fún alágbàṣe. Bí alágbàṣe bá ń ṣiṣẹ́ 300 ọjọ́ lọ́dún, ogún ọdún ni yóò fi pa tálẹ́ńtì kan. Ẹni tó gba ọ̀kan kò gba kékeré rárá. Ó bò ó mọ́lẹ̀, kọ́bọ̀ kò sì sọnù nínú rẹ̀, nítorí bíbo owó mọ́lẹ̀ kì í ṣe ìwà òmùgọ̀ láyé ìgbà yẹn. Ẹ̀rù ló ní ó ba òun. Ó rí ọ̀gá rẹ̀ bí òǹrorò, ó wá ṣe ìwọ̀nba tí wọn kò fi ní lè mú un, ìyẹn gan-an ni ọ̀gá sì bá a wí lé lórí.

Lẹ́yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Mátíù wá gbé ìdájọ́ kalẹ̀, níbi tí ọba ti ya àwọn orílẹ̀-èdè sọ́tọ̀ bí darandaran ṣe ń ya àgùntàn kúrò lára ewúrẹ́. Ó sọ fún àwọn tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún pé ebi pa òun, wọ́n fún òun ní oúnjẹ. Òun wà ní ìhòòhò, wọ́n fi aṣọ bò òun. Òun wà ní túbú, wọ́n wá wo òun. Ó yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní, Olúwa, nígbà wo ni a rí ọ? Àwọn tó wà lọ́wọ́ òsì náà bi í ní ìbéèrè kan náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Kò sí ẹnì kan nínú ọ̀wọ́ méjèèjì tó dá ọba mọ̀ nígbà tó kọjá lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ti ọwọ́ ọ̀tún kàn ti ń bu omi fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ni.