Jim Hall Live!

Jim Hall Live! jẹ́ àwo orin jáàsì tí Jim Hall, onígìtá ọmọ Amẹ́ríkà, gbà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1975 ní Bourbon Street, ilé ìgbafẹ́ kan ní ìlú Toronto, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Àwọn mẹ́ta péré ni wọ́n ṣe eré náà: Hall ta gìtá, Don Thompson ta báàsì, Terry Clarke sì lu ìlù. Horizon, ẹ̀ka jáàsì ilé-iṣẹ́ A&M, ló gbé e jáde.

Olórin

Ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1930 ni wọ́n bí Hall ní ìlú Buffalo. Ó kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Cleveland, ó sì wọ ẹgbẹ́ onílù Chico Hamilton ní 1955. Ní 1962, ó bá Sonny Rollins, afunfèrè sasofóònù, ṣe àwo The Bridge, níbi tí kò ti sí dùrù rárá, tí ó fi jẹ́ pé gìtá rẹ̀ nìkan ló ń gbé kọ́ọ̀dù (ohùn orin bíi mélòó kan tí a ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) ró lẹ́yìn fèrè. Ó ṣeé ṣe kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́ta. Ó kú ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2013.

Ọ̀nà ìṣeré

Orin márùn-ún ló wà nínú àwo náà: "Angel Eyes", "'Round Midnight", "Scrapple from the Apple", "The Way You Look Tonight" àti "I Hear a Rhapsody". Kò sí èyí tí Hall kọ nínú wọn, gbogbo wọn ni àwọn olórin jáàsì sì ti mọ̀ dunjú, nítorí náà ohun tí ó yẹ kí a tẹ́tí sí ni ohun tí àwọn mẹ́ta yìí ń fà yọ nínú orin náà lójú ẹsẹ̀.

Hall kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ agbóhùnsókè rẹ̀ pariwo. Bí ó ti rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìró igi gìtá fúnra rẹ̀ a máa hàn, a sì máa gbọ́ bí ọwọ́ ṣe ń kan okùn. Bí ó bá kan báàsì láti sọ tirẹ̀, Hall lè máa fọwọ́ ra okùn gìtá jẹ́jẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan (ìpín àkókò tí a fi ń ka orin), bí ẹni pé onílù kejì ni. Nígbà mìíràn, kọ́ọ̀dù olóhùn méjì tàbí mẹ́ta ni yóò fi sílẹ̀, tí yóò sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yìí kì í ṣe àlàfo. Inú rẹ̀ ni Clarke ti ń rí àyè dá Hall lóhùn, tí ìlù fi ń bá gìtá tàkurọ̀sọ dípò kí ó kàn máa ka àkókò fún un.

Ìgbàsílẹ̀

Thompson, tí ó ń ta báàsì lọ́wọ́, náà ló gba ohùn eré náà sílẹ̀.

Lẹ́yìn àwo náà

Ní 1976, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba àwo mìíràn sílẹ̀ ní Tokyo. Ní 2012, ilé-iṣẹ́ àwo orin ArtistShare tún gbé àwọn orin míì jáde láti inú eré Toronto yìí, ó sì pè wọ́n ní Apá 2 sí 4.