Àmàlà Lásán: Bí Owó Oṣù Ṣe Ń Rìn Nílé Iṣẹ́ Tó Ń To Fóònù ní Ṣáínà

Bí wọ́n ṣe ń to fóònù kì í ṣe ìyanu mọ́. Fídíò rẹ̀ kún orí íntánẹ́ẹ̀tì: bẹ́líìtì tó ń yí, àwọn ọ̀dọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ àti fìlà, okùn tín-ínrín lọ́rùn ọwọ́ kí iná tó ń gbé ara má baà ba ẹ̀rọ jẹ́. Ká fo ìyẹn. Ìwé pélébé tí òṣìṣẹ́ ń gbà lọ́jọ́ owó oṣù ló yẹ kéèyàn tẹjú mọ́, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n ilé iṣẹ́ náà sá pamọ́ sí.

Ìlà méjì ló ṣe kókó níbẹ̀: owó ìpìlẹ̀ àti owó ófátáìmù. Owó ìpìlẹ̀ kì í sábà jìnnà sí iye tó kéré jù lọ tí ìjọba àgbègbè náà ní kí wọ́n san. Ẹ jẹ́ ká mú ìlú Shenzhen, níbi tí ilé iṣẹ́ tó ni Tecno, Infinix àti itel fìdí kalẹ̀ sí, tí Foxconn, ilé iṣẹ́ tó ń bá Apple to iPhone, náà sì ti wà láti ọdún 1988. Láti oṣù kẹta ọdún 2025, yuan 2,520 ni iye tó kéré jù lọ níbẹ̀ lóṣù. Ọjọ́ 21.75 ni wọ́n fi ń ṣírò owó oṣù ní Ṣáínà, wákàtí 8 lójúmọ́, ìyẹn wákàtí 174. Bí a bá pín 2,520 sọ́nà 174, wákàtí kan á jẹ́ yuan 14.48. Orí rẹ̀ ni gbogbo ìyókù dúró lé. Òfin iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1995 ní kí ófátáìmù ọjọ́ iṣẹ́ jẹ́ ìlọ́po kan àbọ̀, iṣẹ́ ọjọ́ ìsinmi ọ̀sẹ̀ ìlọ́po méjì, iṣẹ́ ọjọ́ ọdún tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ìlọ́po mẹ́ta. 14.48 a di 21.72, a di 28.97, a di 43.45.

Ká ní òṣìṣẹ́ kan ń fi wákàtí 2 kún iṣẹ́ rẹ̀ lójúmọ́ fún ọjọ́ 21, tó tún ń ṣe wákàtí 10 ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, Sátidé mẹ́rin lóṣù. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ yuan 912, ti Sátidé jẹ́ 1,159. Àpapọ̀ owó rẹ̀ di 4,591, kí wọ́n tó yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún fún owó ìfẹ̀yìntì, owó ìlera, owó yàrá àti oúnjẹ. Ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún owó yìí ló jẹ́ ófátáìmù. Ẹ yọ ọ́ kúrò, 2,520 ló kù, ó sì ṣòro kéèyàn fi ìyẹn jẹun ní Shenzhen kí nǹkan tún ṣẹ́ kù tó máa fi ránṣẹ́ sí òbí lábúlé.

Ibí ni àṣìlóye kan tó ń bí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí nínú ti máa ń yọjú. Ọ̀pọ̀ rò pé ńṣe ni ọ̀gá kan dúró sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́ yìí pẹ̀lú pàṣán. Tipátipá wà lóòótọ́, pàápàá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ìwé wọn kó wá pé kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́, tí wọ́n sì ń gbọ́ pé láìṣe é, ìwé ẹ̀rí ò ní sí. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́, ètò náà kò wá pàṣán kankan.

Ẹ fojú inú wo ìyá oníbùkà kan tó ń fi oúnjẹ san owó ọ̀yà àwọn tó ń bá a rokà, tó ń bá a fọ abọ́. Ìjọba ti là á kalẹ̀ fún un: àmàlà kan, ó kéré tán, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò lè dín ìyẹn kù. Ẹran ló kù, ọwọ́ ìyá ni ṣíbí ọbẹ̀ sì wà. Ẹ pe ófátáìmù ọjọ́ iṣẹ́ ní pọ̀nmọ́, ti Sátidé ní ṣàkì, ti ọjọ́ ọdún ní itan adìyẹ. Kò sẹ́ni tó máa fi tipá ki ẹran bọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi àmàlà lásán gbé oṣù? Ẹni tó bá wá sọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé ara òun ò yá, òun fẹ́ tètè lọ sùn, ìyá á rẹ́rìn-ín sí i: "Kò burú, ọmọ mi, lọ sinmi." Fún ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, ṣíbí ò ní dé abọ́ rẹ̀. Kò ní bú u, kò ní lé e. Tí ebi ẹran bá pa á tó, fúnra rẹ̀ ni yóò wá bẹ̀bẹ̀ pé òun ti ṣe tán láti fọ abọ́ di òru. Nílé iṣẹ́, ọwọ́ ọ̀gá láìnì, ìyẹn ẹni tó ń darí àwọn tó wà nídìí bẹ́líìtì kan, ni ṣíbí yìí wà. Kí orúkọ èèyàn má jáde nínú àwọn tó máa ṣe ófátáìmù ni ìjìyà tí wọ́n ń bẹ̀rù jù.

Nígbà tí Fair Labor Association, àjọ kan tó ń yẹ ipò àwọn òṣìṣẹ́ wò, béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó lé ní 35,000 ní ilé iṣẹ́ Foxconn mẹ́ta lọ́dún 2012, nǹkan bí ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn fẹ́ kí wákàtí iṣẹ́ àwọn pọ̀ sí i kí owó lè pọ̀ sí i. Nǹkan bí ìdá 18 péré ló ní wákàtí náà ti pọ̀ jù. Àwọn tó ń gbèjà ilé iṣẹ́ fẹ́ràn iye méjì yìí gan-an, wọn a sì máa fò ẹ̀kẹta: ìdá 64 ní owó táwọn ń gbà kò tó gbọ́ bùkátà àwọn. Ìdáhùn kan náà ni ó jẹ́. Ẹni tí àmàlà ò yó ló ń tọrọ ẹran.

Òfin Ṣáínà ní ófátáìmù kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 36 lọ lóṣù. Òṣìṣẹ́ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lókè yìí ti ṣe 82. Báwo ló ṣe ń ṣeé ṣe? Òfin tí àwọn oníbàárà ńláńlá, ìyẹn àwọn ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ tó wà lẹ́yìn fóònù, fi ń yẹ iṣẹ́ wò yàtọ̀: wákàtí 60 lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ìsinmi ọjọ́ kan nínú méje. Ẹ ṣírò rẹ̀. 60 yọ 40 tó jẹ́ wákàtí iṣẹ́ gan-an, ó ku 20 lọ́sẹ̀, èyí tó lé ní 86 lóṣù. Ilé iṣẹ́ lè rú òfin orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní ìlọ́po méjì kó sì tún yege nínú ìdánwò oníbàárà rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn tún wà: ilé iṣẹ́ lè tọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba pé kí wọ́n máa fi oṣù mẹ́ta tàbí ọdún kan ṣírò àròpọ̀ wákàtí, kí oṣù tí iṣẹ́ dín lè bo oṣù tí iṣẹ́ pọ̀ mọ́lẹ̀. Nínú ìwé, ó mọ́ tónítóní.

Àwọn ìṣẹ́jú tí kò sí nínú ìwé ńkọ́? Bí iṣẹ́ bá jẹ́ aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí mẹ́jọ alẹ́, tí wọ́n yọ wákàtí méjì fún oúnjẹ, mẹ́wàá ni wọ́n kà. Ṣùgbọ́n ìpàdé òwúrọ̀ wà kí bẹ́líìtì tó bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀gá láìnì ti ń ka àṣìṣe àná. Ìlà ẹnu ọ̀nà tún wà, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ara wò kí ẹnikẹ́ni má gbé nǹkan jáde, àti ẹ̀wù iṣẹ́ tí wọ́n ń pààrọ̀. Ìwádìí ọdún 2012 yẹn rí i pé ìdajì wákàtí ni wọ́n fi ń ka ófátáìmù tí kò sí nínú ètò. Ẹni tó ṣe ìṣẹ́jú 29 kò gba kọ́bọ̀. Ẹni tó ṣe 58 gba owó ìṣẹ́jú 30. Irú ìwọ̀n gari tí wọ́n ti ìdí rẹ̀ wọnú ni: ẹni tó ń rà á kì í rí i, ẹni tó ń tà á kì í gbàgbé.

Iye tó yẹ kí ọwọ́ ṣe láàárín wákàtí mẹ́wàá yẹn ni àwọn ẹnjiníà ń fi aago wọ̀n. Bí ipò kan lórí láìnì bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 20, fún àpẹẹrẹ kí wọ́n de ìdè (síkúrù) bíńtín méjì, 180 ni yóò gba ọwọ́ òṣìṣẹ́ kọjá ní wákàtí kan, 1,800 lójúmọ́. Láìnì kì í yára ju ẹni tó lọ́ra jù níbẹ̀ lọ, nítorí náà ojú gbogbo ayé wà lára ẹni yẹn. Tí àwọn tó yára bá sì ju iye tí wọ́n dá lọ, iye tuntun nìyẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ ọ́n, wọn a rọra ṣe é kó kan dọ́gba.

Ìfẹ́ ìṣẹ́jú àáyá yìí ló wà nídìí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Suzhou, nílé iṣẹ́ kan tó jẹ́ ti Wintek, tó ń ṣe ojú fóònù fún Apple. Ọtí kẹ́míkà tí kì í ṣe mímu (alcohol) ni wọ́n fi ń nu ojú fóònù tẹ́lẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní n-hexane torí pé ó tètè ń gbẹ jù ú lọ, láìsí afẹ́fẹ́ tó tó nínú yàrá. Òṣìṣẹ́ 137 ló fara gbá a: ọwọ́ kú tipiri, ẹsẹ̀ ò gbé wọn mọ́, torí pé iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára káàkiri ara ni kẹ́míkà náà ń bá jà. Ọdún 2014 ni Apple tó fòfin de n-hexane níbi tí wọ́n ti ń to ọjà rẹ̀ parí.

Alárinà ló tún kàn, òun sì ni apá tó dùn wò jù. Ọjà fóònù tuntun máa ń jáde ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án. Láti oṣù keje ni ilé iṣẹ́ ti nílò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọwọ́ kíákíá. Àwọn alárinà ló ń kó wọn wá, wọ́n sì ń fi owó ẹ̀bùn kan tàn wọ́n, tí wọ́n máa san fún òṣìṣẹ́ tó bá dúró pẹ́. Àdéhùn tó wọ́pọ̀ ni ọjọ́ 90 lórí ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ 55 ó kéré tán lẹ́nu iṣẹ́. Iye owó ẹ̀bùn yìí ń lọ sókè sódò bí iye tòmátì ní Mile 12. Ẹni tó wọlé lónìí lè gba ìlọ́po méjì ẹni tó wọlé lóṣù tó kọjá, kí àwọn méjèèjì sì jókòó síbi kan náà, kí wọ́n máa de ìdè kan náà. Ọ̀nà tó fi ń bàjẹ́ pọ̀: èèyàn kúrò lọ́jọ́ 89, ó ṣàìsàn kí ọjọ́ 55 tó pé, alárinà kékeré tó gbà á fún alárinà ńlá sì ti pa fóònù rẹ̀. Òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2014 ní òṣìṣẹ́ alágbàṣe kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nílé iṣẹ́ kankan. Lọ́dún 2019, Apple àti Foxconn fúnra wọn jẹ́wọ́ pé iye àwọn alágbàṣe nílé iṣẹ́ Foxconn tó wà ní ìlú Zhengzhou ti pọ̀ jù.

Ní Zhengzhou yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ owó ìlérí ti dìjà ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ohun tí wọ́n ṣèlérí fún àwọn kọ́ ni àwọn bá lórí ìwé. Wọ́n jáde, wọ́n bá àwọn ẹ̀ṣọ́ jà. Lọ́jọ́ kejì, Foxconn tọrọ àforíjì pé àṣìṣe kọ̀ǹpútà ni, ó sì ní ẹni tó bá fẹ́ máa lọ, òun á fún un ní yuan 10,000: 8,000 tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, 2,000 tó kù tó bá gun bọ́ọ̀sì. Ẹni tó gbọ́n ló ṣètò 2,000 yẹn.

Wọ́n máa ń ní tí owó oṣù bá lọ sókè, fóònù ò ní ṣeé rà. Ìṣirò iPhone ọdún 2010 tí àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà ṣe fi hàn pé owó ọ̀yà òṣìṣẹ́ ní Ṣáínà kò tó ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n ń tà á, èrè Apple sì lé ní ìdá 58. Ìlọ́po méjì owó ọ̀yà ì bá fi díẹ̀ kún iye fóònù náà, ẹni tó ń rà á lè máà mọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tò ó ni èrè wọn tín-ínrín, àwọn sì ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n san án.

Tí ọjà bá ti kọjá, láti nǹkan bí oṣù kẹta, iṣẹ́ á dín. Òfin àdéhùn iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008 ní bí ilé iṣẹ́ bá dá òṣìṣẹ́ dúró torí pé iṣẹ́ dín, kó san owó oṣù kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó ti lò. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ kò ní gba nǹkan kan. Ilé iṣẹ́ ò lé ẹnikẹ́ni. Ófátáìmù ló kàn dáwọ́ dúró: kò sí ti Sátidé, kò sí wákàtí méjì alẹ́, aago márùn-ún bẹ́líìtì ti dúró. Òṣìṣẹ́ gba ìwé pélébé rẹ̀ lópin oṣù, ó rí owó ìpìlẹ̀ nìkan, ó tún rí i lóṣù kejì. Ó lọ sí ọ́fíìsì, ó tọrọ fọ́ọ̀mù ìfiṣẹ́sílẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìdí, ó kọ ọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ ara òun ni.